Orí Ọ̀bọ Jọ Ti Ìnàkí, Ṣùgbọ́n Ẹ̀jẹ̀ Wọn Yàtọ̀

  Òwe kan ni a ó fi ṣí ọ̀rọ̀ wa lónìí. Àwọn àgbà ní, bí ọ̀bọ ti ṣe orí ni ìnàkí ṣe ṣe. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bí ìwà ẹni méjì bá bára mu, kò sí ìdí tí a ó fi máa ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Òwe náà bá ìwà ọmọ ènìyàn mu. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ, kò ní í lè bá wa débẹ̀. Ọ̀bọ méjì lè jọra lórí, kí wọ́n jọra nírù, kí wọ́n sì jọ máa jẹ èso igi kan náà, síbẹ̀ kí ohun tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ wọn yàtọ̀ síra. Ìyàtọ̀ tí ojú kò lè rí yìí ni ó ń mú kí àrùn kan gbé ara ọ̀kan títí ayé láìpa á lára, kí àrùn kan náà sì sọ èkejì di òkú. Orí ọ̀rọ̀ wa lónìí nìyí. A ó sì rí i kí a tó parí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀bọ nìkan. Ó kan ọdẹ, ó kan alásè, ó kan àwa tí a ń kọ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ẹni tí ó bá mọ Òkè-Ògùn dáadáa mọ̀ pé ìlú yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ń gbà wọ ọgbà ńlá tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ẹranko ìgbẹ́, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba ń jẹ́ Old Oyo National Park. Ọdún 1991 ni ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, odò Ògùn sì ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá. Oríṣiríṣi ọ̀bọ ni ó ń gbé inú ọ̀dàn náà. Ìjímèrè onírun pupa wà níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ó fẹ́ràn kí ó máa sáré lórí ilẹ̀ ju kí ó máa fò lórí igi lọ. Ìnàkí ọ̀dàn tí imú rẹ̀ gùn bí ti ajá wà níbẹ̀. Ọ̀bọ ọ̀dàn mìíràn tún wà, tí ojú rẹ̀ dúdú, tí irun funfun yí ojú náà ká. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní tantalus. Ní etí odò, níbi tí igi ti sú biribiri, ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní mona náà ń bẹ níbẹ̀.

Ọdẹ àgbà kò ní í ṣi èyíkéyìí mú fún òmíràn. Yóò mọ̀ wọ́n nípa ohùn, nípa ìrù, nípa ipa ẹsẹ̀, àti nípa bí wọ́n ti ń sá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ibi tí ojú ọdẹ kò dé ni tiwọn wà, èyí ni ara sẹ́ẹ̀lì.

ILÀ OJÚ SẸ́Ẹ̀LÌ

Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni a fi sẹ́ẹ̀lì kọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé. Nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa wà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Sẹ́ẹ̀lì funfun náà wà, ọmọ ogun ara ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ń bá àrùn jà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n awọ yìí kò dán bí ti ẹyin. Oríṣiríṣi mólékù, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ purotéènì, ni ó yọrí jáde lára rẹ̀.

Láyé àtijọ́, bí a bá rí àbàjà tàbí pélé tàbí gọ̀mbọ́ lójú ènìyàn, a ó mọ ibi tí ó ti wá, kí ó tó lanu sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mólékù ara sẹ́ẹ̀lì rí. Àwọn ni ilà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń da ara wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ilà ti sẹ́ẹ̀lì ju ilà ojú lọ, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́. Òun ni etí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ ìròyìn, òun ni ọwọ́ tí ó fi ń di ẹlòmíràn mú, òun náà sì ni ilẹ̀kùn tí nǹkan ń gbà wọlé.

Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní ìlú Paris. Kálukú ti ń fi orúkọ tí ó wù ú pe àwọn mólékù wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ sì ti fẹ́ dàrú. Wọ́n wá fẹnu kò pé lẹ́tà méjì, CD, àti nọ́ńbà ni kí a máa fi pè wọ́n. Láti ìgbà náà ni a ti ní CD3, CD4, CD8, CD28 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n ti lé ní 350.

Méjì péré ni ọ̀rọ̀ wa yóò fi ara tì jù lónìí. Èkínní ni CD4. Ara sẹ́ẹ̀lì tí à ń pè ní T olùrànlọ́wọ́ ni a ti máa ń rí i. Sẹ́ẹ̀lì yìí dà bí balógun: òun ni ó ń pàṣẹ fún àwọn yòókù pé ọ̀tá ti dé. Bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn bá mú èérún ara àrùn wá fi hàn án, CD4 ni ó ń bá a di ẹni náà mú kí ó lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Èkejì ni CCR5. Èyí kò sí nínú àwọn tí a ń fi lẹ́tà CD pè lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ara sẹ́ẹ̀lì kan náà ni òun pẹ̀lú máa ń wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbọ́ ìpè. Bí ibì kan bá gbọgbẹ́ nínú ara, èròjà kan yóò máa pe àwọn ọmọ ogun síbẹ̀. CCR5 ni ó ń gbọ́ ìpè náà.

Báwo ni a ti ń rí ohun tí ó kéré tó báyìí? Àwọn onímọ̀ máa ń lo èròjà agbógun-ti-àrùn tí wọ́n ti so mọ́ aró tí ń tàn. Èròjà yìí yóò lẹ̀ mọ́ mólékù kan ṣoṣo tí a ṣe é fún. Ẹ̀rọ yóò wá mú kí sẹ́ẹ̀lì máa kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú ìmọ́lẹ̀, yóò sì máa ka iye àwọn tí ó tàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn: èròjà tí a ṣe fún CD4 ti ènìyàn lè má lẹ̀ mọ́ ti ọ̀bọ kan rárá, nítorí pé mólékù náà yàtọ̀ díẹ̀ ní ìrísí. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn kò lè tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé ilé náà kò ní ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣèwádìí nípa ọ̀bọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá mólékù ni kò sí níbẹ̀ ni, tàbí èròjà tí òun fi ń wá a ni kò bá a mu.

OLÈ TÍ Ó MỌ ILẸ̀KÙN

Àwọn àgbà tún ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kò lè dá bí sí i. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì kí ó tó lè pọ̀. HIV, fáírọ́ọ̀sì tí ń fa àrùn Éèdì, mọ ibi tí ògiri ti lanu. Ní ọdún 1984 ni a mọ̀ pé CD4 ni ó ń dì mú. Ní ọdún 1996 ni a wá mọ̀ pé CD4 nìkan kò tó o. Bí ó bá ti di CD4 mú tán, CCR5 ni ó sábà máa ń lò láti fi wọlé. Ilẹ̀kùn méjì ni olè yìí gbọ́dọ̀ bá pàdé lára sẹ́ẹ̀lì kan náà. Balógun ara ni ó ń kó sí lára, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ogun ara fi ń tú ká. Ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń ní tó 500 sí 1,500 sẹ́ẹ̀lì CD4 nínú kúbíìkì mìlímítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bí iye náà bá wálẹ̀ ju 200 lọ lára ẹni tí ó ní HIV, àwọn dókítà yóò sọ pé ó ti di Éèdì.

Àwọn ọ̀bọ Áfíríkà ní irú fáírọ́ọ̀sì yìí tiwọn. SIV ni a ń pè é. Irú ọ̀bọ àti ìnàkí tí a ti rí àmì rẹ̀ lára wọn ní Áfíríkà ti lé ní 40. Nàìjíríà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2001, a gbé ìròyìn jáde nípa fáírọ́ọ̀sì tí a rí lára ọ̀bọ kan nílẹ̀ wa tí irun orí rẹ̀ pọ́n bí ẹni dé fìlà pupa, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Cercocebus torquatus; inú igbó ẹgàn apá gúúsù ni irú rẹ̀ ń gbé. Ní ọdún 2003, ìròyìn mìíràn jáde nípa èyí tí a rí lára ọ̀bọ mona ti Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ wá di àdììtú ní ọdún 1985, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí SIV lára àwọn ọ̀bọ kan tí a kó wá láti Éṣíà, tí à ń pè ní rhesus. Àwọn wọ̀nyí ń ṣàìsàn bí ẹni tí ó ní Éèdì, wọ́n sì ń kú. A wádìí títí, a rí i pé kì í ṣe Éṣíà ni wọ́n ti kó o wá. Ọ̀dọ̀ ọ̀bọ Áfíríkà tí wọ́n jọ wà ní àgọ́ ìwádìí ni wọ́n ti kó o. Ọ̀bọ Áfíríkà náà ń jẹ, ó ń mu, ó ń bímọ, nǹkan kan kò ṣe é.

Ẹnì kan lè rò pé agbára ara ọ̀bọ Áfíríkà ni ó pa fáírọ́ọ̀sì náà kú. Rárá o. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, fáírọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, bí ó ti kún inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń ṣàìsàn. Kí ni ó wá ń dáàbò bò wọ́n? Ibí yìí ni ilà ojú sẹ́ẹ̀lì ti wọ ọ̀rọ̀ wa.

ỌGBỌ́N Ọ̀BỌ KÒ JỌRA

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo tantalus àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ fi hàn pé nínú ìdílé ọ̀bọ yìí, sẹ́ẹ̀lì T olùrànlọ́wọ́ máa ń ní CD4 nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì bá àrùn pàdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jagun tán, tí ó di àgbà tí ó mọ ọ̀tá, yóò bọ́ CD4 sílẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ó ṣì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó dà bí balógun tí ó bọ́ aṣọ oyè rẹ̀ kí ọ̀tá má baà dá a mọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń pàṣẹ lọ. Fáírọ́ọ̀sì dé, kò rí CD4 dì mú, kò sì lè wọlé. Nítorí èyí, bí a bá ka CD4 àgbà ọ̀bọ yìí, iye rẹ̀ lè kéré tí dókítà ènìyàn yóò fi fọwọ́ lérí, ṣùgbọ́n kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀.

Ìjímèrè pẹ̀lú ní irú ìwà yìí: CD4 kò pọ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tí ó ti dàgbà. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ ròyìn pé wọ́n rí ìjímèrè kan ní Sẹ̀nẹ̀gà tí ó ti kó fáírọ́ọ̀sì láti ara àwọn ìbátan tantalus tí wọ́n jọ ń gbé ọ̀dàn. Nígbà tí a sì dìídì fi fáírọ́ọ̀sì náà sí ara ìjímèrè ní ilé ìwádìí, ó kọ́kọ́ bí sí i, lẹ́yìn èyí ni ó rọlẹ̀ pátápátá. Ìjímèrè kò ṣàìsàn.

Ọ̀bọ onífìlà pupa ti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọgbọ́n mìíràn. CD4 rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kejì ni kò sí. Ní ọdún 1998, a fi hàn pé lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, lẹ́tà 24 ti sọnù nínú jíìnì tí ó yẹ kí ó ṣe CCR5. Nítorí náà, CCR5 kò yọjú sí ara sẹ́ẹ̀lì. Ǹjẹ́ fáírọ́ọ̀sì wá ṣíwọ́ bí? Kò ṣíwọ́. Ó kọ́ bí a ti ń gba ojú fèrèsé: mólékù mìíràn tí ó jẹ́ ìbátan CCR5, tí à ń pè ní CCR2b, ni ó ń lò. Èyí tí a rí lára ọ̀bọ Nàìjíríà ní ọdún 2001 náà, ojú fèrèsé yìí ni ó ń gbà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ilẹ̀kùn tí a tì kì í ṣe òpin ìjà. Olè tí ó ní sùúrù yóò máa wá ọ̀nà mìíràn.

Ìkẹrin ni ọ̀bọ aláwọ̀ eérú ti Sierra Leone, Liberia àti Côte d'Ivoire, tí ó jẹ́ ìbátan onífìlà pupa. Òun kò pàdánù ilẹ̀kùn kankan pátápátá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, a rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì CD4 rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù, àwọn tí ó dà bí irúgbìn tí gbogbo àwọn yòókù ti ń hù jáde, kì í fi CCR5 púpọ̀ hàn. Fáírọ́ọ̀sì ń jẹ ewé, kò sì lè fọwọ́ kan gbòǹgbò. Ọ̀bọ náà ń gbé.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ọ̀kan bọ́ aṣọ oyè. Ọ̀kan pàdánù ilẹ̀kùn. Ọ̀kan fi ilẹ̀kùn pa mọ́ níbi tí ó ṣe pàtàkì. Gbogbo wọn ni orí wọn jọra. Kò sí èyí tí a lè fi jẹ́rìí èkejì nínú wọn. Rhesus ti Éṣíà, tí kò bá fáírọ́ọ̀sì yìí gbé rí, kò ní ọgbọ́n kankan nínú wọn, ìdí nìyẹn tí ó fi ń kú. Ìnàkí tí kò ní ìrù náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní chimpanzee, kò rí ààbò tó bẹ́ẹ̀. Lára tirẹ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù ni HIV-1 tí ó tàn ká ayé ti wá, a sì ti rí i pé SIV ń pa àwọn chimpanzee inú igbó lára.

ÈNÌYÀN ŃKỌ́?

Àwa ènìyàn ní CD4 lára àwọn sẹ́ẹ̀lì wa tí ó ti dàgbà, a sì ní CCR5. Ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀. Ní ọdún 1996, a rí àwọn ènìyàn díẹ̀ tí jíìnì CCR5 wọn pàdánù lẹ́tà 32. Ẹni tí ó bá jogún àìpé yìí lọ́dọ̀ baba àti ìyá, HIV kì í sábà ráyè wọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yúróòpù ni irú wọn pọ̀ sí. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi láàrin àwa aláwọ̀ dúdú Áfíríkà. A kò lè gbójú lé e.

Ìmọ̀ yìí kò lọ lásán. Ní ọdún 2007, oògùn kan jáde tí ń dí CCR5, maraviroc ni orúkọ rẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣe ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún ọmọ Amẹ́ríkà kan ní Berlin, Timothy Ray Brown, ẹni tí ó ní HIV àti jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọ́n gba mùdùnmúdùn lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní CCR5. HIV kúrò lára Brown, kò sì padà títí ó fi kú ní ọdún 2020. Jẹjẹrẹ ni ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kejì, kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ HIV nìkan ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2006, ní London, wọ́n fún ọkùnrin mẹ́fà tí ara wọn le ní oògùn tuntun kan tí à ń pè ní TGN1412. CD28 ni oògùn náà ń dì mú lára sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ti dán an wò lára ọ̀bọ Éṣíà, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìwọ̀n tí wọ́n sì fún àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kéré ju ti ọ̀bọ lọ ní ìlọ́po 500. Láàrin wákàtí díẹ̀, gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dùbúlẹ̀, ara wọn ń bá ara rẹ̀ jà. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tí ó kú nínú wọn. Kí ni ó fa á? Apá CD28 tí oògùn náà ń dì mú kò yàtọ̀ lára ọ̀bọ àti ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun kan tí ó ti dàgbà lára ọ̀bọ ti bọ́ CD28 sílẹ̀, nígbà tí irú wọn lára ènìyàn kò bọ́ ọ. Ẹ kíyè sí i: kò tó kí a bi ara wa bóyá mólékù jọra. A tún gbọ́dọ̀ bi ara wa pé, ara sẹ́ẹ̀lì wo ni ó wà, nígbà wo ni ó wà níbẹ̀?

Ọ̀RỌ̀ PADÀ SÍ Ọ̀DÀN

A ti rìn jìnnà. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọdẹ lè bi wá pé: "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ogójì ọdún ni mo ti ń pa ọ̀bọ, tí mo ti ń jẹ ẹ́. Ọ̀bọ tí mo pa kì í ṣàìsàn. Èwo ni àrùn?" Ìbéèrè náà gbọ́n, ó sì yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ dáhùn. Ìdáhùn wa ni pé, bàbá, òótọ́ ni ẹ sọ. Ọ̀bọ náà kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n àlàáfíà ọ̀bọ kì í ṣe àlàáfíà yín. Ohun tí ó dáàbò bò ó wà lára sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, kò sí lára tiyín. Ọ̀bọ aláwọ̀ eérú tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń fò lórí igi pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì lára. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ yẹn náà ni ó wọ ara ènìyàn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó di HIV-2. HIV-2 máa ń falẹ̀ ju HIV-1 lọ, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn. Ìjímèrè tí ó ní òun kò ní í sá fún ajá, ojú ajá ni kò tíì tó o.

Ibo wá ni ewu náà wà? Kò sí nínú ẹran tí a sè tí ó jinná. Iná ń pa fáírọ́ọ̀sì. Inú ẹ̀jẹ̀ tútù ni ó wà, nígbà tí a bá ń kun ẹran, tí ọ̀bẹ ṣá ni lọ́wọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kan ojú egbò. Ìyá tí ń fọ ìfun nínú agbada wà nínú rẹ̀, ọmọdé tí ń bá a di ẹsẹ̀ ẹran mú wà nínú rẹ̀. Gbogbo fáírọ́ọ̀sì ọ̀bọ kọ́ ni ó lè di àrùn ènìyàn. Púpọ̀ nínú wọn ni ara wa ń lé dànù. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré tí ó bá ṣeé ṣe ti tó láti ba ayé jẹ́. A ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè gbọ́ èyí kí ó sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a pa gbogbo ọ̀bọ inú ọ̀dàn run. Èyí yóò jẹ́ àṣìṣe méjì lẹ́ẹ̀kan. Àkọ́kọ́, ẹni tí ó ń pa wọ́n gan-an ni ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń kan. Èkejì, Éèdì tí ó wà láàrin wa lónìí, ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ènìyàn ti ń kó o, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọ̀bọ. Ọdún 1986 ni a kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 49, bí 14 ni ó ní HIV. Àyẹ̀wò àti oògùn ni a ó fi ṣẹ́gun èyí, kì í ṣe ìbọn. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè pẹ́ láyé.

Ó sì tún ku ohun kan. Ìjímèrè àti tantalus ti bá irú fáírọ́ọ̀sì yìí jà láti àìmọye ọdún, wọ́n sì ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń bá a gbé. Ìwé tí a kò tíì kà tán ni wọ́n jẹ́. Bí a bá pa wọ́n run, a ti dáná sun ìwé náà. Òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dọdẹ nínú ọgbà náà, ẹranko ni ó ń dáàbò bò, ó sì ń dáàbò bo ọdẹ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ gbé àgádágodo mẹ́ta àti kọ́kọ́rọ́ kan wá sí kíláàsì. Kí àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra lójú, ṣùgbọ́n kí kọ́kọ́rọ́ náà ṣí ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé èwo ni yóò ṣí. Wọn yóò wo ojú àgádágodo, wọn yóò sì ṣì í. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ fún wọn pé, òótọ́ ni pé bí ọ̀bọ ti ṣe orí ni ìnàkí ṣe ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó lè pa á, àti ohun tí kò lè pa á, kò gbọdọ̀ dúró lórí orí. Ara sẹ́ẹ̀lì ni kí ó wò.